Ẹni tí yóò jagun, kó kọ́kọ́ kí eléwé

Bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń fọ́nnu pé òun yóò gbá gbogbo ayé lójú, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní: "Ẹni tí yóò jagun, kó kọ́kọ́ kí eléwé." Ọmọdé tó bá gbọ́ ọ á máa wo ẹnu àgbà. Kí ló kan eléwé nínú ogun? Ewé kì í ṣe ọfà, kì í ṣe idà, ewúrẹ́ lásán ń jẹ ẹ́. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá ní ìdí ńlá bíi tèmi, kó wá àyè tó fẹ̀, nítorí ìtàn yìí máa ń mi èèyàn jìgìjìgì.

Ìlú kan wà nínú igbó kìjikìji, Ìgbóosùn lorúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ẹfúnyẹlá ń gbé, òun sì ni olórí àwọn tó ń ta ewé ẹ̀kọ. Ìlú mẹ́ta péré ni ewé náà ti ń hù: Ìgbóosùn, Odòkòtó àti Ìpẹ̀rìn. Lódìkejì odò, níbi tí igbó ti parí tí pápá ti bẹ̀rẹ̀, ni Ọ̀dànlá wà. Àgbàdo pọ̀ ní Ọ̀dànlá bí iyanrìn, ṣùgbọ́n ewé tí wọ́n lè fi pọ́n ẹ̀kọ kò sí níbẹ̀ rárá. Nítorí náà, Ọ̀dànlá ń gbé àgbàdo wá, àwọn ará igbó ń gbé ewé lọ. Bíi tọkọtaya ni wọ́n rí: wọ́n á bú ara wọn lọ́jà dé ìran kẹta, lọ́jà tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún wá ara wọn.

Ẹfúnyẹlá sanra, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé ọjà ṣáájú rẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín, ọmú rẹ̀ méjèèjì á bá a rẹ́rìn-ín. Ẹrù ewé tirẹ̀ kì í ṣòro mọ̀, kókó méjì ló máa ń ta sí okùn rẹ̀, bó ṣe ń ta á sí ìró ìdí rẹ̀. Ìró já sílẹ̀ lára rẹ̀ láàárín ọjà nígbà kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò fọkàn tán kókó kan mọ́.

Ní ọjọ́ ọjà kan, àwọn oníbàárà láti Ọ̀dànlá dé. Ogún ẹrù ni wọ́n máa ń rà. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ní igba làwọn fẹ́. Ẹfúnyẹlá bi wọ́n pé olóyè wo ló kú. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó kú, ìnáwó ńlá kan ni Balógun àwọn fẹ́ ṣe. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dìde, ó ju ìdí sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì, ó ní kí Balógun máa ṣe ìnáwó títí láé. Gbogbo ọjà pàtẹ́wọ́. Wọ́n kó ewé lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án sí i, ọkùnrin adẹ́mu kan wọ́ ẹsẹ̀ wọ ìlú láti Ìjúwẹ̀. Ìjúwẹ̀ yìí ni Àyọ̀ká, ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnyẹlá bí, ti ń ṣe ilé ọkọ, oyún oṣù mẹ́jọ sì wà nínú rẹ̀. Adẹ́mu náà ní ogun Ọ̀dànlá ti yí ìlú àwọn ká. Ẹ̀ṣẹ̀ tí Ìjúwẹ̀ ṣẹ̀ kò ju pé ilẹ̀ etídò rẹ̀ wu ọba Ọ̀dànlá lọ. Odi ṣì dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáde lọ pọnmi kì í padà wálé mọ́. Wọ́n bi í bó ṣe ráàyè jáde. Ó ní inú ààtàn àwọn ọmọ ogun lòun rá kọjá, nínú ewé ẹ̀kọ tó ga dé orúnkún. Ẹ̀kọ nìkan ni wọ́n ń jẹ, torí ẹ̀kọ tó bá wà nínú ewé lè lo ọjọ́ mẹ́ta nínú àpò, kò sì nílò iná tí èéfín rẹ̀ máa fi ibi tí wọ́n ba sí hàn. Bó ti ń sọ ọ́, ó fa okùn kan yọ nínú irun rẹ̀.

Kókó méjì wà lára okùn náà.

Ẹfúnyẹlá gbà á, ó wò ó, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó wá ní, "Mo jó. Ọmọ mi wà nínú ogun, mo sì jó fún ẹni tó gbé ogun náà lọ bá a."

Kò délé. Ààfin ló gbà lọ, ó sì rò ó fún Olóosùn, ọba ìlú, níwájú àwọn ìjòyè.

Olóosùn mí kanlẹ̀. "Ẹfúnyẹlá, ọdẹ mẹ́rìnlélógún ni mo ní, mẹ́ta nínú wọn kò sì ríran mọ́. Ọ̀dànlá ní ẹṣin bí eṣú. Kí lo fẹ́ kí n fi bá wọn jà?"

"Kábíyèsí, n ò ní kẹ́ ẹ jà. Mo ní ká má tà."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní Ìjúwẹ̀ kì í ṣe ìbátan àwọn, ìjà ìjàngbọ̀n ni, kò sì kan Ìgbóosùn.

"Ẹ̀yin baba mi," Ẹfúnyẹlá dá a lóhùn, "ọ̀nà tó lọ sí Ìjúwẹ̀ náà ló wá síbí. Bí wọ́n bá jẹ tọ̀hún tán, ewé wa náà ni wọ́n máa fi pọ́n ẹ̀kọ tí wọ́n máa jẹ lẹ́nu ọ̀nà yín."

Ẹ̀rín tán. Olóosùn ránṣẹ́ pe ọba Odòkòtó àti ti Ìpẹ̀rìn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò: ewé kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ sọdá odò títí ọmọ ogun tó kẹ́yìn yóò fi kúrò ní Ìjúwẹ̀. Oníkálukú yóò ṣọ́ ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ìgbà tí ewé kò lọ, àgbàdo kò wá. Ewé kún ilé àwọn ará igbó, wọn kò rí ẹ̀kọ pọ́n sínú rẹ̀. Kókò ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Wọ́n ká Ẹfúnyẹlá mọ́ ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ kan, ó pọ́n kókò gígún sínú ewé, ó dijú, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀, ó sì ń sọ fún ẹnu rẹ̀ pé ẹ̀kọ ni. Ó ní ẹnu òun ì bá gbà, ikùn òun ni kò gbà, torí ikùn òun ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń tàn jẹ lọ.

Balógun rán ikọ̀ wá. Ó ní òun yóò san ìlọ́po mẹ́ta. Bí wọ́n bá sì kọ̀, òun ń bọ̀ wá bá wọn nínú igbó wọn. Àwọn ọba wojú ara wọn. Ẹfúnyẹlá tọrọ àyè láti fèsì.

"Ẹ ní kí Balógun máa bọ̀," ó ní. "Kó sáà gbé oúnjẹ dání."

Ìlọ́po mẹ́ta yẹn wọ etí Olóyè Ògúnṣakin ti Odòkòtó, ọkùnrin tó lè ta òjìji ara rẹ̀ bó bá rí ẹni rà á. Ó wé ewé mọ́ra láti abíyá dé kókósẹ̀, ó gbé agbádá lé e, ó sì kọrí sódò, ó ní òun ń lọ kí àna òun. Ó ń dún wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ìjì ń fẹ́ lára. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà kí i, wọ́n yà fún un. Àṣé ewúrẹ́ kì í wo ojú olóyè. Ìyá ewúrẹ́ kan tẹ̀ lé e, ó ki orí bọ abẹ́ agbádá, ó sì já ewé kan jẹ. Olóyè ta á nípàá. Òbúkọ méjì dé, ìyókù agbo tẹ̀ lé wọn. Olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àwọn ewúrẹ́ ń sáré, bàbá ń jó ijó tí a kò lù fún un, títí agbádá fi ya tí ewé sì tú jáde lójú gbogbo ayé. Ọba Odòkòtó kò bú u. Ó ní kó máa da àwọn ewúrẹ́ náà lọ jẹko títí ogun yóò fi tán, ó ṣáà ti mọ̀ wọ́n.

Ní àgọ́ ogun ńkọ́? Ògì kún ìkòkò, ewé ti tán. Wọ́n gbé e sínú igbá, igbá ń dà nù lórí ẹṣin, itan àwọn ẹlẹ́ṣin ń bó. Wọ́n bu ú sínú fìlà, títí kan fìlà Balógun. Níkẹyìn, alásè kan rí igi kan tó yí àgọ́ ká, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó tutù, ó ń dán. Lápálápá ni. Ó pọ́n ẹ̀kọ gbogbo ọmọ ogun sínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi lápálápá ṣọgbà, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o.

Oòrùn kò tíì yẹ àtàrí tí ikùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n ju idà nù, wọ́n di ṣòkòtò mú. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè já wọ igbó. Ẹni tí wọ́n ní kó lọ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti wà nínú igbó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì na ọwọ́ wá ewé tí wọ́n máa fi nùdí, lápálápá náà ló tún bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àwọn ará Ìjúwẹ̀ ń wò láti orí odi. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ọgbọ́n ogun ni, títí atẹ́gùn fi gbé ọ̀rọ̀ náà dé imú wọn. Ní ọjọ́ kẹta, ogun ṣígun relé. Balógun ló ṣáájú, ó ń fa ẹṣin rẹ̀ lọ́wọ́, torí ìdí rẹ̀ kò gba gàárì mọ́.

Ẹfúnyẹlá gbé ẹrù ewé kan karí, ó gba Ìjúwẹ̀ lọ. Àyọ̀ká wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ọjọ́ mẹ́rin wà láyà rẹ̀.

"Màámi, ẹ mà rù o."

"Kókò ni, ọmọ mi. Ó ti di kókó mẹ́ta tí mò ń ta síró." Ó gba ọmọ náà, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ọmọ ń mì lókè ọmú rẹ̀ bí ẹni wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, Ewéjẹ́ ni wọ́n sọ ọ́.

Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí ọ̀nà padà, àgbàdo dé, ẹ̀kọ dé. Lọ́dún kejì, Balógun fúnra rẹ̀ wá sí ọjà Ìgbóosùn, ẹni tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí láyé rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Ẹfúnyẹlá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá eléwé."

Ẹfúnyẹlá wò ó láti fìlà dé bàtà. "Balógun, ṣé inú ti dá?"

"Ó ti dá, ìyá."

"Kí lẹ fẹ́ fi ewé ṣe?"

"Ìkómọ ni, ìyá. Ọmọ mi obìnrin ló bí."

Ó tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tẹjú mọ́ ọn títí ó fi tún un sọ. Ìgbà náà ló tó di ogún ẹrù fún un, ó ta kókó méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ẹrù kan ṣe ènì.

Láti ọjọ́ náà, bí ọba Ọ̀dànlá bá ti ń wo ilẹ̀ onílẹ̀, àwọn ìjòyè rẹ̀ kì í bi í pé ẹṣin mélòó ló ní. Wọ́n á bi í pé kí ló máa sọ fún ìyá àgbà kan lọ́jà bí ìyẹn bá béèrè ohun tó fẹ́ fi ewé ṣe. Ọba á kọ́ fìlà, á ní kí wọ́n gbé ayò wá. Ẹni tí yóò jagun, kó kọ́kọ́ kí eléwé.