Káfíńtà Tó Mi Orí Pé Òun Gbọ́

Ọkùnrin káfíńtà kan wà tí àìsàn sọ di adití. Odidi ọdún mẹ́fà ni kò fi gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú etí rẹ̀, wọ́n sì ní kó máa fi èkejì kọ́ ẹ̀yìn etí.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, obìnrin tó ń dán etí wò ní ọsibítù mú un wọ yàrá kan tó pa rọ́rọ́. Ohùn kan ń ti inú ẹ̀rọ jáde: "Omi wà nínú ìkòkò. Ìyá mi ti lọ sóko." Káfíńtà ń sọ ọ́ tẹ̀lé e. Ó gba méjìléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyàwó rẹ̀ fi ìwé èsì náà han gbogbo ẹbí.

Ṣùgbọ́n ilé kò rí bíi yàrá yẹn. Ẹ̀rọ ata ń ké ní ojúlé kejì, ọmọ mẹ́ta ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní ọkọ̀ ti dé, ó lọ gbé ọkọ́ wá. Ṣé ẹ̀rọ ni kò dáa ni, àbí orí òun? Kò mọ̀. Nígbà tó yá, ohunkóhun tí wọ́n bá ti sọ, á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀ sórí páànù. Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí ààrò, ó ní, "Bàbá Títóbi, wọ́n rí kókó kan ní ọmú mi. Ọjọ́bọ̀ ni wọn máa gé e. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó bojú wẹ̀yìn. Ọkọ rẹ̀ ń mi orí. Ọkùnrin náà ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó dé, kò bá ìyàwó nílé. Ọjọ́ kejì ló tó mọ̀ pé ìyàwó wà nílé ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ obìnrin. Ó bá a lórí ibùsùn, báńdéèjì ní àyà.

"Ṣé mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?" ni ìyàwó bi í.

"Mi ò mọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó pariwo: "Etí tó gba méjìléláàádọ́rùn-ún!" Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá òun gbọ́ lóòótọ́, kó jẹ́ pé ọkàn òun ló burú.

Kókó náà kì í ṣe èyí tó léwu. Nígbà tí egbò jiná, ìyàwó gbà láti bá a lọ sí ọsibítù. Obìnrin adánetíwò gbọ́ ẹjọ́ wọn, kò sì mú wọn wọ yàrá. Ó kó wọn lọ síbi tí àwọn aláìsàn ti ń tò, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún. Ó ní kí ìyàwó sọ gbólóhùn mẹ́wàá, ohunkóhun tí wọ́n máa ń sọ nílé.

Ọkùnrin náà gbọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ní ti ìkẹrin, ó mi orí, ó ní, "Ó dáa."

"Kí lẹ gbọ́, sà?"

Kò lè sọ ọ́.

Obìnrin náà yíjú sí ìyàwó. "Ibi tí ẹ bá ti rí i tó ń mi orí, mà, ibẹ̀ ni kì í ti í gbọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?" ni ìyàwó bi ọkọ rẹ̀.

"Inú rẹ ti dùn jù sí ìwé yẹn."

Ìyàwó kò mọ ẹni tí òun ì bá bínú sí mọ́. Ó wá dúró síwájú rẹ̀ gan-an, ó ní, "Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ̀rù bà ọ́ lọ́jọ́ yẹn," ni ọkùnrin náà wí. Omi sì lé sí i lójú.

Ìwọ tí mo torí rẹ sọ ìtàn yìí, tí o jókòó níwájú mi, o ní o ti sọ fún àbúrò rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, o ní ó mi orí, o sì ní o kò tún fẹ́ rí i mọ́. Mi ò sọ pé o purọ́. Ṣùgbọ́n o kò tí ì bi í ní ohun tó gbọ́. Dìde, lọ bi í.