Ehoro Mú Agẹmọ Lọ Wo Ilé

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí dé ẹnu ihò tí Ehoro fẹ́ rà.

Oyún Ehoro ti tó bí, òjò sì ti ń ṣú. Alángbá ló ń bá àwọn onílé ta ilé. Gbogbo ihò tó bá fi han Ehoro, orí ló ń mì sókè sódò: "Ó dára! Ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á o!" Àyà Ehoro já, ló bá bẹ Agẹmọ pé kó bá òun wò wọ́n.

"Ta ló pe eléyìí tí kò lè rìn kánmọ́-kánmọ́?" Alángbá bínú.

"Èmi ni. Tonílé lò ń ṣe. Tèmi ni yóò ṣe."

Wọ́n dé ihò kìíní. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Agẹmọ, rọra tẹ̀ ẹ́ o,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́!*
Ìkókó ń bọ̀ wá sùn níbẹ̀,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́!*

Agẹmọ tẹ̀ ẹ́, omi sun sí i lẹ́sẹ̀. Wọ́n kọ̀ ọ́.

Ihò kejì gbẹ, Ehoro sì ti fẹ́ wọlé. Agẹmọ dá a dúró, ó kọjú sí Alángbá: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ejò ń gbé ibẹ̀?"

Kí Alángbá tó rántí ara rẹ̀, orí ti mì sókè sódò!

Wọ́n sá, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kí wọ́n lè sá dáadáa.

Ní ihò kẹta, Alángbá fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Agẹmọ kò bi í ní nǹkan kan. Ó wọlé fúnra rẹ̀, ó yẹ gbogbo igun wò, ó jáde tòun ti eruku.

"Ìyá ìkókó, ẹ máa wọlé."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, òjò dé. Ehoro bímọ, ọmọ mẹ́rin sì sùn fọnfọn lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó ń bá onílé tà kò lè bá yín rà. Àlọ́ mi ti wọ ihò, ó ti ti ilẹ̀kùn.