Ọkùnrin Tí Ó Se Nọ́ńbà

Ọkùnrin kan wà tí ó ti bí ọmọ mẹ́ta kí ó tó wọ yunifásítì. Fíríìjì ló ń tún ṣe ní ìlú rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ náà débi pé láti ìlú kejì ni wọ́n ti ń gbé tiwọn wá bá a. Ṣùgbọ́n ó wù ú kí ó di ẹnjiníà. Ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó ní kí ó bá òun mójú tó o títí òun yóò fi jáde. Ìyàwó rẹ̀ ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ó má lọ ṣeré níbẹ̀ o.

Ní ilé ẹ̀kọ́ náà, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ sí ọdún kejì iṣẹ́ ẹnjiníà bí kò bá yege nínú físíìsì ọdún kìíní. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn. Ọkùnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òun ló dàgbà jù nínú kíláàsì. Olùkọ́ wọn gan-an, obìnrin kan, kò tó o lọ́jọ́ orí. Àwọn ọmọ kékeré ń pè é ní Dádì, wọ́n ń bá a gbé báàgì, wọ́n ń fi àga iwájú sílẹ̀ fún un. Ẹ sì mọ ọmọ aráyé. Tí wọ́n bá ti ń pe ènìyàn ní Dádì láàárọ̀ lálẹ́, kò ní pẹ́ tí òun náà yóò fi rò pé ó yẹ kí òun mọ gbogbo nǹkan.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ dìde, ó sọ òfin kíláàsì rẹ̀ fún wọn. Ó ní, "Ẹ máa ka ìwé kí ẹ tó wá, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá lọ tán. Ẹ lè jọ ronú, ṣùgbọ́n kí kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀. Bí ìdáhùn yín kò bá tọ̀nà, tí ẹ fi ọ̀nà tí ẹ gbà hàn mí, mo máa fún yín ní máàkì. Bí ó bá tọ̀nà tí mi ò rí ọ̀nà, ẹ má retí nǹkan kan. Ní láàbù, ohun tí ojú yín bá rí ni kí ẹ kọ. Ẹni tí mo bá ká mọ́ ibi tó ti ń se nọ́ńbà, ọdún yẹn ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá jẹ́wọ́ kí n tó dá iṣẹ́ padà, yóò tún un ṣe, yóò gba ìdajì máàkì, ọ̀rọ̀ sì parí. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi kì í tì. Ẹ wá béèrè."

Ọkùnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń mi orí. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní ti ilẹ̀kùn yẹn, ti àwọn ọmọdé ni.

Ọjọ́ láàbù pé. Wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n dìbò kí Dádì tó di olórí ẹgbẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ náà kò le. Wọ́n so bọ́ọ̀lù irin kékeré kan mọ́ òwú, wọ́n gbé e kọ́, wọ́n jẹ́ kí ó máa fì síwá sẹ́yìn. Wọn yóò wọn gígùn rẹ̀, wọn yóò wo àkókò tí ó fi ń fì, wọn yóò sì ṣírò rẹ̀ títí wọn yóò fi mọ bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan lágbára tó. Nọ́ńbà náà kì í ṣe àṣírí, ó wà nínú ìwé. Kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wá a rí ni iṣẹ́.

Ibi tí ó yẹ kí wọ́n wọ̀n ọ́n dé wà nínú orí ìwé tí olùkọ́ ní kí wọ́n kà. Dádì kò kà á. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bí páìpù bá kúrú, páìpù ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kì í wọn nọ́ọ̀tì tó wà nídìí rẹ̀. Nítorí náà ó wọn òwú, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Nọ́ńbà tí ó jáde kéré sí ti ìwé. Ó tún un ṣe, ó tún kéré. Àwọn ọmọ ń wo ojú rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó kéré jù láàárín wọn rọra ní, "Dádì, ṣé ká lọ bi olùkọ́ wa?"

Ó ní, "Ká lọ bi wọ́n ní kí ni? Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rí i ná."

Àwọn ọmọ ilé ìwé ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní kí ènìyàn se nọ́ńbà. Ẹni tó se nọ́ńbà kò wọn nǹkan kan. Ìdáhùn inú ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀, tí ó wá ń fẹ̀yìn rìn títí yóò fi dé ohun tó yẹ kí aago ti sọ. Ohun tí Dádì ṣe nìyẹn. Ó tilẹ̀ sè é dáadáa, kò jẹ́ kó bá ti ìwé mu tán, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Ó gbé e síwájú àwọn ọmọ, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Àgbà ló ṣe é, kí ni wọ́n tún fẹ́ wò?

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó bá ọmọbìnrin yẹn níta gbọ̀ngàn, ó di báàgì mọ́ àyà. Ó bi í pé kí ló dé.

Ọmọ náà ní, "Dádì, mo fẹ́ kúrò nínú físíìsì. Mo so àgádágodo mi mọ́ òwú lára bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ̀lì, mo wọ̀n ọ́n bí mo ṣe rí i tí ẹ wọn tiyín. Gbogbo ìgbà ló ń kéré. Tiyín tọ̀nà, tèmi ò tọ̀nà rárá. Ó ti hàn pé orí mi ò gbà á."

Irọ́ tí ọkùnrin náà pa kí iyì rẹ̀ má baà wọmi ti lọ bá ọmọ ọlọ́mọ ní yàrá rẹ̀, ó sì ti sọ fún un pé òmùgọ̀ ni. Ọmọ yẹn wọ̀n, ó rí òótọ́, ó sì ń sunkún lé òótọ́ tí ó rí. Ojú ti ọkùnrin náà gan-an. Bí ó bá dákẹ́, òun yóò yege, ọmọ yóò lọ. Bí ó bá sọ ọ́, ta ló mọ̀ bóyá olùkọ́ yóò dúró ti òfin rẹ̀? Ó rántí ìyàwó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí ọmọ náà jọ̀ọ́ dúró de òun di ọ̀sán.

Nígbà tí ó dé ọ́fíìsì, olùkọ́ ń jẹ ẹ̀pà. Olùkọ́ ní, "Ẹ káàsán, sà. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Kò jókòó. Ó ní, "Mà, mo se nọ́ńbà. Àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀. Èmi ni wọ́n gbọ́kàn lé."

Olùkọ́ gbé ẹ̀pà sílẹ̀. Ó ní, "Mi ò tíì dá iṣẹ́ padà. Ẹ mọ ohun tí òfin wí: gbogbo yín yóò tún un ṣe, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó gba ìdajì máàkì. Ó parí." Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí ẹ tó sè é, èwo lẹ rí gan-an?"

Ó fi ohùn kékeré sọ ọ́. Olùkọ́ fò dìde. "Èyí ni mo fẹ́! Èyí tí ẹ kọ wá fún mi kò lè kọ́ yín ní nǹkan kan. Èyí tí ẹ jù nù yẹn mọ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ pe àwọn ọmọ yẹn, ẹ jẹ́ ká lọ bi nọ́ńbà náà léèrè."

Wọ́n lọ sí láàbù. Níbẹ̀, ọkùnrin náà kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣe fún àwọn ọmọ, ó sì bẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ó so bọ́ọ̀lù, ó wọn òwú bó ṣe wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀.

Olùkọ́ bi í pé, "Kí ló ń fì?"

"Bọ́ọ̀lù ni, mà."

"Ibo ni bọ́ọ̀lù wà nínú ohun tí ẹ wọ̀n?"

Ọmọbìnrin yẹn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un wọ̀n títí dé àárín bọ́ọ̀lù, nọ́ńbà sì sún mọ́ ti ìwé. Kò bá a mu pátápátá, nítorí òwú a máa nà, ọwọ́ ènìyàn a sì máa gbọ̀n, wọ́n sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Àṣé orí mi pé!"

Dádì ní, "Orí rẹ pé, ọmọ mi. Èmi ni mo jẹ́ kí ìtìjú gba orí mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọmọbìnrin náà kò kúrò mọ́. Ọkùnrin náà yege. Máàkì rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sè nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, nígbà tí àwọn ọmọ ti rí i pé Dádì náà ń lọ béèrè, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn kì í ṣófo mọ́ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níwájú èmi olùkọ́ yín ní kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀yin ni ìtàn yìí wà fún. Mo rí irun funfun. Mo rí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀, tí kò rántí ìgbà tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni gbẹ̀yìn. Mo sì rí bí ẹ ṣe ń wo òfin tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri, bí awakọ̀ ṣe ń wo ọlọ́pàá. Ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò kọ ọ́ láti fi mú yín. Mo kọ ọ́ kí ẹ lè mọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà padà bí ẹ bá ṣìnà. Abèèrè kì í sì í ṣìnà, wọ́n ti wí i tipẹ́.

Nọ́ńbà yín yóò kọ̀ jálẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kò ní jọ ti ìwé. Ẹ má sè é. Ẹ wo ẹni tó jókòó tì yín kí ẹ tó ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí ó lè jẹ́ pé òun náà kò mọ̀ ọ́n, tí ó ń rò pé òun nìkan ni. Ọ́fíìsì mi kò tóbi, ṣùgbọ́n àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀: tèmi, tiyín, àti ti ẹni náà. Ẹ mú un dání bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.