Ọ̀gá Ilé-Ìwé Tí Ó Fi Ọwọ́ Wọn Orí

Ìbídùn, ọmọ mi, ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kékeré kan lọ́nà Ìkìrun. Èèyàn dáadáa ni. Kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kì í sì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kò dára: bí ó bá kí ọ ní "ẹ káàárọ̀", wàá rò pé ìjà ló dé.

Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òbí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ wọn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń mọ ọmọ tí ó tó ilé-ìwé lọ. Wọn á ní kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, wọ́n gbà á nìyẹn. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. O ń rẹ́rìn-ín, àbí? Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá tó bí ọ ṣe wọlé.

Bàbá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Ọmọ náà kì í wo ojú èèyàn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì pọ̀. Ọ̀gá kígbe mọ́ ọn pé, "Gbé ọwọ́ sókè. Fi kan etí rẹ." Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di etí méjèèjì, ó sì di ojú pẹ̀lú. Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní kí wọ́n mú un padà sílé.

Lọ́dún kejì, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Lọ́dún kẹta, ọwọ́ ọmọ ti gùn ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, síbẹ̀ etí méjèèjì ló tún dì. Ọ̀gá wá sọ ọ́ ní gbangba pé, "Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Dìndìnrìn ni ọmọ yìí." Ta ló fún un láṣẹ láti pe ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀? Ipò ni.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ìlú. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n mú ọmọ náà lọ sí oko, lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan, kí ó máa gbé ibẹ̀ títí ayé, kí àwọn àbúrò rẹ̀ lè rí ẹni fẹ́. Ìyá rẹ̀ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Bàbá ní òun á padà lọ bẹ ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá tún kọ̀, ó di oko.

Ní ọjọ́ tí wọ́n lọ, ọ̀fun ń dun ọ̀gá. Ohùn rẹ̀ ti há pátápátá. Ó fi aṣọ wé ọrùn, ó jókòó nínú ọ́fíìsì, ó ń to àwòrán orí páálí kan tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, èyí tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní fi ń ṣeré. Bàbá ń bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá kò lè fèsì, ó kàn ń mi orí pé rárá.

Ọmọbìnrin náà kò di etí lọ́jọ́ yẹn. Ó rìn lọ sídìí tábìlì, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó yọ ẹyọ kan tí ọ̀gá tò sódì, ó fi í sí àyè rẹ̀. Ó mú òmíràn. Ó ń tò ó lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ewúrẹ́ inú àwòrán náà fi pé.

Ìgbà náà ló tó yé ọ̀gá pé igbe òun ni ọmọ ń di etí sí. Ọdún mẹ́ta ló ti ń fi gígùn ọwọ́ wọn orí ọmọ, tí ó sì ń fi ariwo lé ọgbọ́n rẹ̀ sá. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì kìíní fún un.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó rántí àwọn mìíràn tí ó ti lé padà, tí kò sí ẹni tó tún mú wọn wá. Ó wá wọn kiri. Ó rí ọ̀kan lóko, ó ti di géńdé, kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ohunkóhun. Bí ọ̀gá ṣe súnmọ́ ọn, ó sá wọ igbó. Ọ̀gá jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún.

Ìbídùn, ọmọ mi, mo gbọ́ pé ìwọ ni wọ́n gbà láti máa dán ọgbọ́n àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù, irú ti ọmọbìnrin yẹn, wò. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ìbéèrè inú ìwé rẹ dára ju ọwọ́ sí etí lọ, n kò jiyàn. Àmọ́ ẹnu lo fi ń bi wọ́n, ẹnu náà lo sì fẹ́ kí wọ́n fi dáhùn, pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ọmọ tí kì í fi ẹnu sọ tinú rẹ̀, tí ariwo fáànù yàrá rẹ ń dà láàmú, báwo lo ṣe fẹ́ mọ ohun tó mọ̀? Gbé aago yẹn jù síbì kan. Bá ọmọ náà jókòó sílẹ̀. Bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó máa ń ṣe nílé tí kò sí ẹni tó rán an. Tún padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Bí ọwọ́ rẹ kò bá wá tẹ nǹkan kan, sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ìwọ ni o kò tíì mọ̀ ọ́n. Má sọ fún wọn pé ọmọ wọn kò mọ nǹkan kan. Wọn á gbà ọ́ gbọ́, ọmọ náà ni yóò sì ru ọ̀rọ̀ yẹn títí ọjọ́ ayé rẹ̀.