Ẹ̀wà Sájẹ́ǹtì Fámùwàgún

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Sájẹ́ǹtì Fámùwàgún tiẹ̀ ti rin àádọ́ta ọdún.

Lọ́dọọdún tí àwọn sọ́jà àtijọ́ ìlú wa bá péjọ láti yin ara wọn, á dìde, á ní òun gbé Jìnádù ọ̀rẹ́ òun kọ́ èjìká kọjá láàárín ọta ìbọn. "Ká ní Jìnádù wà láyé ni, òun ni ìbá jẹ́rìí mi!" Gbogbo wọn á kan sáárá sí i. Ẹnìkan kì í bi ẹnìkejì ní ìbéèrè níbẹ̀, kí wọ́n má baà bi òun náà.

Lọ́dún yìí, bó ti dárúkọ Jìnádù báyìí, arúgbó kan tẹ̀pá wọlé. Jìnádù ni! Rédíò ló ti gbọ́ nípa ìpàdé náà. Fámùwàgún ṣí fìlà, ó ń wojú ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Ṣùgbọ́n Jìnádù dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún.

"Ọkùnrin yìí ló gbà mí lọ́wọ́ ikú!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ọkàn Fámùwàgún balẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ dé. "Ọ̀rẹ́ mi, sọ fún wọn bó ṣe jẹ́."

"Òun ló ń se oúnjẹ fún wa. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ kojú ọ̀tá, ẹ̀wà rẹ̀ kò jinná, èmi nìkan ni mo sì bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbẹ́ gbuuru dá mi dúró sí àgọ́. Àwọn tó lọ kò padà. Fámùwàgún, o ṣeun!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alága, tó máa ń ní òun nìkan ló gba afárá lọ́wọ́ ọ̀tá, ló kàn láti sọ tirẹ̀. Ó dìde, ó wo ẹnu ọ̀nà títí, ó ní ọ̀fun ń dun òun.