Onídùúró Tí Akínbọ̀dé Kò Ké Sí

Ní Òkè-Ọ̀pẹ, bí ìnira bá bá ènìyàn tó sì pa ẹnu mọ́, ẹ óò gbọ́ tí àgbà kan yóò mí kanlẹ̀, tí yóò sì wí pé: "Onídùúró tí a kò ké sí kò mọ ọ̀nà ilé ẹni." Àwọn ọmọdé ti gbọ́ ọ títí, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, àti ibi tó dúró sí nígbà tó sọ ọ́? Òwe yìí kì í ṣe ti ayé ìjọ́un. Ọkọ̀ ló bí i, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Akínbọ̀dé ni orúkọ ọkùnrin náà. Awakọ̀ ni. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń bá àwọn olówó wa ọkọ̀ tòkunbọ̀, èyí tí wọ́n ti lò gbó lókè òkun kó tó dé ọwọ́ wa. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi okùn so ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọṣẹ dí táńkì tó ń jò. Nígbà tó dàgbà, òun àti ìyàwó rẹ̀, Ọláníhùn tó ń ta ẹní, pawọ́ pọ̀ ra bọ́ọ̀sì kékeré kan ní Ìbàdàn. Tuntun gidi ni, ọ̀rá ṣì wà lórí àwọn àga rẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì ra irú rẹ̀ rí ní Òkè-Ọ̀pẹ.

Ọ̀dọ́bìnrin tó tà á fún wọn ń jẹ́ Mosúnmọ́lá. Ó fún Akínbọ̀dé ní ìwé kan. Nígbà tó rí i pé ojú bàbá náà kàn ń fo orí ìwé kọjá ni, ó fa àga sún mọ́ ọn, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

"Bàbá, gárántì ọkọ̀ yín nìyí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ wa dúró fún ọkọ̀ yìí fún ọdún mẹ́ta. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì tàbí búréèkì rẹ̀, tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, àwa la máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ máa gbé e wá fún àyẹ̀wò lásìkò tá a bá dá fún yín. Ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì ìta ṣí i. Bó bá ń dún, ẹ pè wá. Bó bá ń jò, ẹ pè wá. Ẹ má sọ pé ó kéré."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Akínbọ̀dé wí. "Ìyẹn ni pé ẹ̀yin ni onídùúró mi."

Mosúnmọ́lá rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Àwa ni onídùúró yín."

Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí onídùúró jẹ́ lójú Akínbọ̀dé. Ní ìlú wa, bí wọ́n bá mú ènìyàn lọ sí ààfin tàbí sí àgọ́ ọlọ́pàá, àgbà kan ni yóò dìde tí yóò sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, mo dúró fún un." A kì í pe irú àgbà bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Bàbá tó bí Akínbọ̀dé ní ọ̀kan. Ó pè é sí ọ̀rọ̀ adìyẹ. Ó pè é sí ọ̀rọ̀ ààlà oko. Ó tún pè é nígbà tí àwọn ìyàwó rẹ̀ ń jà. Ọjọ́ tí wọ́n wá fi ẹ̀sùn kan bàbá náà pé ó dáná sun oko kòkó ẹlòmíràn, wọ́n ránṣẹ́ sí onídùúró, onídùúró ní ó ti rẹ òun. Inú ẹ̀wọ̀n ni bàbá Akínbọ̀dé kú sí. Ọmọdé ni Akínbọ̀dé nígbà náà. Ohun tó kọ́ nínú ọ̀ràn yẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn ń ké sí onídùúró rẹ̀: ọjọ́ tí ọ̀ràn bá tó ọ̀ràn.

Nítorí náà, nígbà tó délé, ó fi ọ̀rá wé ìwé gárántì, ó sì fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀. Àkókò àyẹ̀wò àkọ́kọ́ dé, kò lọ. Ó ní ara ọkọ̀ le, kí ni òun fẹ́ wí fún wọn? Mosúnmọ́lá pè é lórí fóònù láti rán an létí. Akínbọ̀dé kí i dáadáa, ó béèrè àwọn òbí rẹ̀, ó ṣàdúrà ọkọ rere fún un, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Kò gbé ọkọ̀ lọ.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kejì ni búréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, igbe rẹ̀ a máa ta séni létí bí ìgbà tí wọ́n ń fi irin ha irin. Nígbà tó yá, búréèkì ń rì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀; ó di kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mú. Ọláníhùn ló ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ẹní rẹ̀ a sì wà ní dídì lẹ́yìn. Ó gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ.

"Bàbá Morẹ́nikẹ́, ọkọ̀ yìí ń ké."

"Jẹ́ ó ké. Ṣé ìwọ kì í ké ni?"

"Bí mo bá ké, ṣé ẹ máa ń dá mi lóhùn? Ẹ pe ọmọ Ìbàdàn yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ó ní bó bá ń dún ká pe àwọn."

"Nítorí búréèkì tó ń dún? Kí ni màá wá pè wọ́n sí lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá dákú? Gárántì wà nílé, Ìyá Morẹ́nikẹ́. Ọjọ́ ńlá ni mò ń tọ́jú ẹ̀ dè."

"Ọjọ́ ńlá wo? Àbí ìsìnkú mi lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

Àwọn èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Akínbọ̀dé náà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì abẹ́ máńgòrò tó wà ní ìkóríta. Wọ́n tú u, wọ́n há nǹkan kan sí i, wọ́n dì í padà. Igbe dá. Inú Akínbọ̀dé dùn pé òun kò da àwọn ará Ìbàdàn láàmú. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n dí. Àìsàn rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan ni. Wọn ò tíì gbé èrò kankan, àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Aláfara, níbi tí ọ̀nà ti yí lókè odò. Akínbọ̀dé tẹ búréèkì, ó rì. Ó tún un tẹ̀, ó rì. Ó tẹ̀ ẹ́ kan ilẹ̀. Ó fa búréèkì ọwọ́, ìdí ọkọ̀ sì fì lọ sí ẹ̀gbẹ́. Apá ibi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ló fi gbá àpáta, kó tó ré sínú kòtò.

Àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn ẹní ti tú, wọ́n sì tẹ́ sílẹ̀ káàkiri orí òkúta bí ẹni pé ẹnì kan ń retí àlejò. Akínbọ̀dé wà láàyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ẹní yẹn ni wọ́n fi gbé òkú Ọláníhùn wálé. Èyí tó dára jù ni, èyí tó ń tọ́jú de oníbàárà kan.

Nígbà tí Akínbọ̀dé lè fi ọ̀pá rìn, ó ṣí àpótí, ó mú ìwé gárántì, ó sì wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ìwé náà kò ká, kò dọ̀tí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e ka iwájú Mosúnmọ́lá.

"Mo wá pè yín," ó ní. "Ọjọ́ náà ti dé."

Mosúnmọ́lá kí i, ó sì béèrè ibi tí ọkọ̀ wà.

"Ó wà nínú kòtò. N kò torí ọkọ̀ wá. Ìyàwó mi ni. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ dúró fún mi."

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀, ó wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Ó wí pé: "Bàbá, ọkọ̀ la dúró fún. A ò lè dúró fún ènìyàn."

Akínbọ̀dé sọ bí búréèkì ṣe kọ̀ fún un ní Aláfara. Mosúnmọ́lá bi í bóyá búréèkì náà dún kó tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ó dún. Ó bi í bóyá ó pẹ́ tó ti ń dún. Ó ní ó pẹ́.

"A ti bá àwọn mìíràn pààrọ̀ irú rẹ̀. Iṣẹ́ àárọ̀ kan péré ni, Bàbá. Kí ló dé tí ẹ ò pè wá?"

"N kò fẹ́ da yín láàmú, ọmọ mi."

Mosúnmọ́lá ká ìwé náà, ó sì dá a padà fún un, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe.

Àwọn ẹbí ti ń dúró dè é ní iwájú ilé. Wọ́n bi í pé kí ni àwọn onídùúró rẹ̀ wí, wọ́n sì ti múra láti bú wọn. Akínbọ̀dé dúró sí ibi tí Ọláníhùn máa ń sá ẹní sí oòrùn. Ibẹ̀ ṣófo.

"Ẹ má bú wọn," ó ní. "Wọ́n wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ń ké. Èmi ni mo dákẹ́. Onídùúró tí a kò ké sí kò mọ ọ̀nà ilé ẹni." Ó wọlé. Kò wa ọkọ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá. Àwọn àgbà kì í pa á fún ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́, wọn kì í sì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ní olùrànlọ́wọ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ ni wọ́n ń pa á fún: aboyún tí inú ń run, tó ní òun kò fẹ́ jí àwọn nọ́ọ̀sì, tàbí ọmọ tí ọ̀gá ń lù níbi iṣẹ́, tó ní òun kò fẹ́ kó ìdààmú bá ìyá òun. Wọ́n a máa yára pa á, kí ọ̀ràn tó tó ọ̀ràn. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ tán, wọ́n a dákẹ́, nítorí ẹni tí òwe náà bá wí ti mọ̀ ọ́n nígbà náà.