Òjélàbí Lọ Wo Ọ̀ta Ayò

Ibú ẹja kan ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Òkè-Ìràwọ̀ àti Ìdí-Ọsàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ti àdá, àwọn àgbà ìlú méjèèjì fẹnu kò pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú ọ̀ta ayò kan wá. Ẹni tó bá borí, ìlú rẹ̀ ló ni ibú náà títí láé.

Àyà àwọn ará Òkè-Ìràwọ̀ já, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé kò sí ẹni tó na Baba Ṣówándé ti Ìdí-Ọsàn láyò rí. Wọ́n bá rán Òjélàbí, ọkùnrin ẹlẹ́yinjú ńlá kan, pé kó lọ wo bí baba náà ṣe ń mọ ilé ọpọ́n ayò tó yẹ kó ta.

Òjélàbí wọ̀ sílé ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kan ní Ìdí-Ọsàn, ó sì jókòó ti Baba Ṣówándé nídìí ọpọ́n ayò fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Ó kọ́kọ́ rò pé ilé tí ọmọ ayò pọ̀ sí jù ni baba ń mú. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ kan ṣoṣo ni baba ta, alátakò rẹ̀ sì mi orí, ó gbà fún un, ó dìde. Ó tún rò pé etí tí baba ń fọwọ́ pa ni oògùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta baba kò fọwọ́ kan etí, ó sì borí.

Nígbà tó sú u, ó béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kí lẹ máa ń wò kí ẹ tó ta?"

Baba rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, n kì í wò ó. Mo ń gbọ́ ọ ni."

Òjélàbí rò pé baba ń fi òun ṣeré ni. Ohun kan ṣoṣo tó dá a lójú ni pé ojú baba kì í kúrò lórí ọpọ́n, kì í sì í ṣẹ́jú. Ohun tó gbé lọ sílé nìyẹn.

"Títẹjú mọ́ ọn ni gbogbo rẹ̀!" ló wí fún Ayélàágbé, ọ̀ta tiwọn.

Lọ́jọ́ ìdíje, Ayélàágbé tẹjú mọ́ ọpọ́n títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ó ṣi ọmọ kà, ó tún ṣì í kà. Oòrùn kò tíì kàn tàrí tí Baba Ṣówándé fi na án ní ànàdojúbolẹ̀.

Baba dìde, ó na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ sáré dì í mú. "Ẹ rọra, bàbá mi, òkúta wà níwájú."

"Kí ló ṣe wọ́n?" Òjélàbí béèrè.

Ọmọbìnrin náà yanu. "Ọjọ́ mẹ́rin lẹ fi jókòó tì wọ́n, ẹ ò mọ̀? Ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí wọn ò ríran mọ́! Bí ọmọ ayò bá ṣe dún nínú ilé ni wọ́n fi ń mọ iye tó wà níbẹ̀. Àwa ò sọ fún yín, a rò pé ẹ rí i."

Ayélàágbé nu omijé ojú rẹ̀, ó yíjú wo Òjélàbí. Wọ́n fi ibú náà sílẹ̀ fún Ìdí-Ọsàn, wọ́n sì gba ilé lọ.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé: ojú àlejò tóbi rogodo, ṣùgbọ́n kò fi ríran.